Wọ́n jókòó tì mí, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọgbẹ́ ọkàn àti àṣà wa

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn ìbéèrè tí mo kó jọ síbí làwọn èèyàn ń bi mí jù látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa jàǹbá mọ́tò tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mi ò kì í ṣe dókítà, ẹ má gbé oògùn wá bá mi o. Mo kàn ti jókòó síwájú kánsẹ́lọ̀, ìyẹn ẹni tó máa ń fọ̀rọ̀ tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, dáadáa ni, mo sì ti sùn lórí ẹní màmá àgbà mi l'Ábẹ́òkúta náà, ibi méjèèjì ni mo ti kọ́gbọ́n.

Kí lẹ ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn? Ṣé gbogbo ẹni tí ojú ẹ̀ bá ti rí láburú ló ní i ni?

Rárá o. Nǹkan burúkú lè ṣẹlẹ̀ séèyàn, jàǹbá mọ́tò ni o, ajínigbé ni o, ìfipábánilòpọ̀, iná, ikú òjijì, ara á máa gbọ̀n, oorun ò ní kùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ ò ní wù ú, ìyẹn ò tíì di àìsàn, bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn. Tó bá wá lé lóṣù kan tí nǹkan ọ̀hún ṣì ń padà wá bí ẹni pé ìsinsìnyí ló ń ṣẹlẹ̀, tó ò ń lálàá ẹ̀, tó ò ń yẹra fún gbogbo ibi tó lè rán ẹ létí, tí ariwo kékeré báyìí á mú ẹ fò sókè, èyí làwọn dókítà ń pè ní PTSD. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé nínú 100 èèyàn láyé yìí, bíi 70 ló máa ko irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, àmọ́ àwọn tó ti ní PTSD rí ò ju bíi 4 lọ.

Ẹ tún òǹkà yẹn kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dìde láìfojú kan dókítà. Kí ló wá ń gbé wọn dìde? Apá kan wà lára olúwa ẹ̀ lóòótọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá a, àmọ́ èyí tó pọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká, bí wọ́n ṣe kí i, bí wọ́n ṣe jókòó tì í, ohun tí wọ́n jẹ́ kó sọ àtohun tí wọ́n ní kó gbé mì. Ibẹ̀ ni àṣà ti wọ ọ̀rọ̀.

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó ni PTSD yìí? Àwọn bàbá wa jagun, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Orúkọ yẹn ni tòyìnbó. Ọdún 1980 làwọn dókítà ọpọlọ l'Amẹ́ríkà fi orúkọ náà sínú ìwé wọn, àwọn sójà tó ti ogun Vietnam dé tí wọn ò rí oorun sùn ló jẹ́ kó di ọ̀ràn. Àmọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ńkọ́, ṣé àwọn èèyàn ò ti máa ń ta jí lóru ni?

Àwa náà lórúkọ tiwa, ara la kàn fi ń sọ ọ́. Ẹ lọ jókòó sí ọsibítù ìjọba kan n'Ìbàdàn tàbí l'Óṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn màmá ṣe ń ròyìn fún nọ́ọ̀sì: nǹkan ń rìn lórí mi, etí mi ń hó, àyà mi ń já, òòyì ń kọ́ mi, inú orí mi ń gbóná. Ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé ọdẹ kan wà nínú orí tó ń rìn kiri lóru. Ní 1987 dókítà ọpọlọ kan nílẹ̀ Yorùbá kọ̀wé lórí ẹ̀, ó ní ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Àwọn Shona ní Zimbabwe náà ní tiwọn, kufungisisa, ìyẹn ríronú jù, ẹ sì mọ̀ pé àwa náà máa ń sọ ọ́, "ó ń ronú jù, ìrònú ló sọ ọ́ dà báyìí".

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí màmá bá ní nǹkan ń rìn lórí òun, oògùn orí fífọ́ àti ti ibà ni wọ́n á kọ fún un, ó tán, ẹlòmíì ó bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́dún yẹn. Torí náà bàbá yín tó jagun yẹn, ó ṣeé ṣe kó ní i. Orí ló ń sọ fún yín pé ó ń fọ́ òun.

Ó dáa, kí gan-an ni àṣà ń ṣe fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ sọ èyí téèyàn lè fojú rí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni. Yorùbá ò lè rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kó má ní ìkíni ẹ̀. Ẹni tó bọ́ nínú jàǹbá, ẹ kú ewu. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kú, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹni tí nǹkan ẹ̀ jóná, ẹ kú àdánù. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wa ló kàn, a kú ará fẹ́ra kù, ẹ gbọ́ bó ṣe rí, "a" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí ẹni tó ń kí náà ti ka ara ẹ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń kí. Àwọn kan á ní ẹnu lásán ni. Ẹ dúró ná títí nǹkan fi máa ṣe yín ní ìlú tí wọn ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni.

Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé, láti bíi aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn èèyàn ti ń wọlé. Ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa wá, kò sọ ju "ẹ kú ewu, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́" lọ, ó wá fa àpótí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá màmá mi já ewédú. Ewédú ọ̀hún ò pọ̀ o! Ṣùgbọ́n ó já a títí ó fi di ọ̀sán, nígbà tó kúrò ẹlòmíì jókòó sórí àpótí yẹn. Alẹ́ dé, àǹtí mi gbọ́nmi, ó bá mi wẹ̀, ó fi òrí pa mí lára títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò dá wà, kódà tí mo bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bí mi nínú nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ká ní wọ́n fi èmi àti orí mi sílẹ̀ nìkan lọ́jọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá burú jù báyìí.

Kí ni orúkọ àti oríkì wá fi ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo gbọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ níbì kan.

Haa, ibi tí mo fẹ́ràn nìyí. Ẹ jẹ́ n fi ìtàn Ajayi Crowther bẹ̀rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àti Bíbélì Yorùbá la fi mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ni. 1821 logun wọ Òṣóògùn, ìlú wọn, wọ́n kó òun àtìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n pín wọn níyà, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì títí ó fi détí òkun. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó yá pé ó wá sí òun lọ́kàn nígbà náà láti pa ara òun. Lọ́dún 1822 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó o sí, wọ́n gbé wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ibẹ̀ ló ti kàwé tó sì di àlùfáà. 1846 ló tún tó fojú kan ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ya ara wọn.

Bó ṣe ròyìn ọjọ́ yẹn ló máa ń pa mí lẹ́kún. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omi ń bọ́ lójú ìyá, ara ìyá ń gbọ̀n bó ṣe di ọwọ́ ọmọ mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láwọn orúkọ tí màmá àgbà fi ń pè é nílé kí ogun tó dé. Ẹni tó ti gba orúkọ òyìnbó, tó ti wọ aṣọ àlùfáà! Orúkọ ilé ni ìyá fi mú un padà.

Èmi náà rí i. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà mi n'Ítòkò, mo lọgun lóru, mi ò mọ ibi tí mo wà, òórùn rọ́bà tó ń jóná ni mò ń gbọ́. Màmá tan tọ́ọ̀ṣì. Wọn ò bi mí pé kí ló ṣe mí, wọn ò sì ní kí n dákẹ́, wọ́n kàn ń pè mí, Àníkẹ́, Àníkẹ́ o, wọ́n wá bọ́ sínú oríkì orílẹ̀ wa, wọ́n ń kì í lọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ títí èémí mi fi wálẹ̀. Ó tó bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn kí n tó bá kánsẹ́lọ̀ pàdé, òun ló kọ́ mi pé tí ìbẹ̀rù bá ti gbé mi, kí n ka nǹkan márùn-ún tí mò ń fojú rí, mẹ́rin tí mo lè fọwọ́ bà, mẹ́ta tí mò ń gbọ́, kí ara lè mọ̀ pé òní ni mo wà, mi ò sí nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí màmá fi oríkì ṣe lóru ọjọ́ yẹn náà ni, ó ń sọ fún mi pé ọmọ ta ni mí, ibo ni mo wà.

Ẹ sì wo àwọn orúkọ tá a ń sọ ọmọ lẹ́yìn òfò: Rẹ̀mílẹ́kún, Ẹkúndayọ̀, Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló ń fi ẹnu pè é lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń díbọ́n pé kò ṣẹlẹ̀.

Tó bá jẹ́ odidi ìlú ló kàn ńkọ́?

Abẹ́òkúta gan-an ni àpẹẹrẹ ẹ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló dá a sílẹ̀ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló kó wọn débẹ̀, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n sá pamọ́ sí. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀ ló wú mi lórí: wọn ò da ara wọn pọ̀ kí wọ́n di ìlú tuntun kan tí kò lórúkọ, kálukú fi orúkọ ìlú ẹ̀ tó jóná sọ àdúgbò tó tẹ̀ dó sí, wọ́n mú olóyè wọn dání, wọ́n mú òrìṣà wọn dání. Títí dòní tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Aké lọ sí Ìtòkò, àárín àwọn ìlú tí ogun ti pa rẹ́ lẹ̀ ń rìn kọjá yẹn, kọ̀ńdọ́ sì ń fi ẹnu pariwo orúkọ wọn ní gbogbo bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

Ọ̀rọ̀ ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì tutù lára, mi ò ní sọ púpọ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́sì, èèyàn tó lé ní 40 ni wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis. Ọjọ́ Àjíǹde 2023 ni wọ́n tó padà jọ́sìn níbẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n ti yára ṣí i kí ọ̀tá má baà yọ̀, èmi rò pé bí wọ́n ṣe ní sùúrù yẹn dáa, torí ilé tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kì í ṣe ibi téèyàn ń sáré wọ̀.

Kí ni àwọn èèyàn ń rí nínú ọ̀rọ̀ Arò, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n fi ń kọ̀wé nípa ẹ̀ káàkiri àgbáyé?

Àwa tá a fi Arò ṣe èébú, "ṣé Arò lo ti ń bọ̀ ni", a ò mọ ohun tá a ní. Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta náà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, àwọn sójà tí wọ́n dá padà wálé nígbà ogun Hitler tí orí wọn ti dàrú wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. (Ẹ rántí ìbéèrè "àwọn bàbá wa jagun" òkè yẹn.) Nígbà tó di 1954, Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, dé láti ìlú òyìnbó, ọsibítù tí wọ́n ń kọ́ l'Árò kò tíì parí, ó wá ronú pé kí ló dé tá a fẹ́ ti àwọn èèyàn yìí mọ́lé. Ló bá bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba aláìsàn sílé wọn. Aláìsàn ò ní dá wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó gbọ́dọ̀ bá a wá, wọ́n á háyà yàrá lábúlé, ará ilé ẹ̀ á máa dáná fún un, á máa bá a lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, lọ́sàn-án á bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, lálẹ́ á bá wọn jó tí ijó bá wà. Ó tún mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ẹ wò ó, nígbà yẹn, níbi púpọ̀ láyé, ẹ̀yìn ògiri gíga ni wọ́n ń kó aláìsàn ọpọlọ pamọ́ sí. Lambo kàn wo bí Yorùbá ṣe ń tọ́jú ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, ó ní kí wọ́n máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, kí dókítà wà nítòsí. Òun náà ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO.

Ẹ ti ń yin àṣà láti òkè. Ṣé kì í ṣe àṣà kan náà ló ń pa wá lẹ́nu mọ́?

Òun náà ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ibí dáadáa. Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó tini. Ká jókòó tì ẹ́ ká wá jẹ́ kó o sọ ọ́, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn jàǹbá yẹn ni wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún mi. Wọ́n rán aṣọ ẹbí, wọ́n se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n gbé máìkì fún mi kí n jẹ́rìí. Èèyàn méjì ló kú nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ló jókòó tì mí láti gáréèjì, sálúbàtà rọ́bà pupa ló wọ̀, ó fún mi ní àgbàdo díẹ̀ nínú tiẹ̀ lọ́nà, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní. Kí ni kí n sọ lórí máìkì? Mo ní "Ọlọ́run ò jẹ́ kí n kú", wọ́n ní halelúyà, mo lọ jókòó. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí èmi kú, kí ló ní kí tẹ̀gbẹ́ mi yẹn ṣe? Kò sẹ́ni tí mo lè bi ní ìbéèrè yẹn, torí tí mo bá ya ẹnu báyìí, "ìwọ ṣáà máa dúpẹ́, ọ̀pọ̀ ni ò rírú ẹ̀".

Ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, "omi ló dànù, agbè ò fọ́" ni wọ́n máa sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni o, mo ti rí i tó mú obìnrin dìde nílẹ̀. Àmọ́ mo tún ti rí i tó di ìdérí ìkòkò, torí lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, kò tún sáyè láti dárúkọ omi tó dànù. Kó tó ti ọsibítù dé wọ́n ti kó gbogbo aṣọ ọmọ náà kúrò nílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó débi tí wọ́n sin ín sí. Inúure ló fà á, mi ò sọ pé wọ́n níkà.

Èyí tí mi ò lè bá wọn pè ní inúure ni ti ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tí ẹbí wá ń sọ pé kó má jẹ́ kí ará ìta gbọ́, kó má ba orúkọ ilé jẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé ará ilé náà ló ṣe é. Ẹ má fi àṣà bo ìyẹn. Orúkọ ilé kọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò, ẹni tó ṣe é ni.

Ọkùnrin kì í sunkún, àbí?

"Akọ igi kì í ṣoje." Mo mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi tọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wa lọ́jọ́ yẹn yè é, mo gbọ́ pé kò wakọ̀ mọ́, àti àárọ̀ ló ti ń wà ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí, wọ́n sì ń bú u pé ó ti ya ọ̀lẹ. Àmọ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣípà fún ọdẹ tó kú, kẹ́ ẹ gbọ́ ìrèmọ̀jé. Àwọn géńdé tó ń pa ẹranko abìjà nínú igbó ni wọ́n ń fi ohùn ẹkún pe ọ̀rẹ́ wọn tó lọ, tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀ ní kíkún, níwájú gbogbo ayé. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọkùnrin náà ní ibi tí nǹkan ti ń dùn ún, wọ́n ya ọjọ́ àti orin sọ́tọ̀ fún un. Àwa la ju orin nù tá a mú òwe dání.

Ṣé àdúrà ò tó ni? Kí ni kánsẹ́lọ̀ fẹ́ ṣe tí Ọlọ́run ò lè ṣe?

Èmi náà ń gbàdúrà, ẹ má bá mi jà. Ẹni tó ní ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tó dúró tì í ti ní nǹkan tí owó ò lè rà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n sọ fún ẹni tí kò lè sùn pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló kéré, tàbí kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì ní ilé àdúrà tàbí nílé oníṣègùn, ó ń ṣẹlẹ̀, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kọ ìròyìn nípa ẹ̀ ní 2019.

Kò pọn dandan kí wọ́n máa bá ara wọn ṣọ̀tá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2020, Nàìjíríà àti Ghana ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti lọ ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ṣiṣẹ́ pọ̀ níbùdó tiwọn, ara àwọn aláìsàn yá ju ibi tí kálukú ti ń dá ṣe tiẹ̀ lọ. Àìsàn wèrè ni wọ́n fi ṣe tìyẹn, kì í ṣe PTSD, àmọ́ ẹ rí ọ̀nà tó gbà.

Ọmọdé ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n máa ń gbàgbé.

Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, bọ́ǹbù bú ní bárékè Ìkẹjà l'Ékòó, àwọn èèyàn sá lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ wọn ló kó sínú odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ já kúrò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Ó ti níyàwó, ó ti lọ́mọ báyìí, tó bá sì ti di oṣù Díséńbà tí àwọn ọmọ ń yin bángà, inú yàrá ló máa wà, á tan fáànù sílẹ̀ kó fi bo ariwo.

Ọmọdé ò lè to ọ̀rọ̀ bí àgbà, eré ló fi ń sọ ọ́. Tó bá ń fi páálí ṣe bọ́ọ̀sì tó ń dojú dé lójoojúmọ́, ẹ má nà án pé ó ń pe ibi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi í pé àwọn wo ló wà nínú ẹ̀. Àlọ́ náà ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, ìjàpá á kó sí wàhálà, á jáde, ọmọ á gbé ègbè, ẹ̀rù ẹ̀ á rí ibi gbà.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil, tí kò sí ẹbí kankan níbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Wọ́n dá ẹbí sílẹ̀. Àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ ẹrú kan náà di ọmọ ìyá, malungo ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Brazil, ní Cuba wọ́n ń pè é ní carabela. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó ń sin òkú ara wọn, wọ́n tún òrìṣà gbé kalẹ̀, ẹni tó bá wọlé òrìṣà á ní ìyá, á ní bàbá, á ní orúkọ tuntun. Wọ́n ní "olùkù mi" tí wọ́n ń pe ara wọn ló bí orúkọ Lukumí tí wọ́n fi mọ àwọn èèyàn wa ní Cuba. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni "ọ̀rẹ́ mi", ìyẹn ni gbogbo ẹ̀.

Ìlú òyìnbó ni mo wà, kò sí màmá àgbà, kò síyàá ẹlẹ́kọ. Kí ni kí n ṣe?

Tó bá jẹ́ England ni, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, láìdé ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ẹ sì lè ní kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe ń ṣe yín gan-an, tó bá jẹ́ pé nǹkan ń rìn lórí yín ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fídíò WhatsApp ṣe dókítà.

Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé. Ṣé kí n ní kó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi?

Rárá! Ẹ má fà á lẹ́nu. Nígbà kan àwọn kánsẹ́lọ̀ máa ń kó èèyàn jọ lọ́jọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ kí wọ́n ròyìn gbogbo ohun tójú wọn rí látòkè délẹ̀, ìwádìí padà fi hàn pé kì í dènà PTSD, ó tiẹ̀ lè dá kún un fáwọn kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe bíi ti ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ bá a fọṣọ, ẹ bá a kó ọmọ ẹ̀ wá láti ilé ìwé. Ẹ wá jẹ́ kó mọ̀ pé ìgbàkígbà tó bá ya ẹnu, ẹ̀yin ò ní fi òwe tàbí ẹsẹ Bíbélì dí i. "Mo ń gbọ́" ti tó.

Iṣẹ́ tí Dókítà Dixon Chibanda gbé lé àwọn ìyá àgbà lọ́wọ́ ní Zimbabwe nìyẹn láti 2006. Ó kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa fetí sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa bá èèyàn to ìṣòro ẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi nínú ọgbà ọsibítù, èdè Shona tó dọ́ṣọ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n dán an wò lára èèyàn 573, ìwádìí náà jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n gbé irú bẹ́ǹṣì yẹn sí ọjà Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta.

Ìgbà wo ló di dandan kéèyàn lọ sọ́sibítù?

Tó bá ti ju oṣù kan lọ tí oorun àti iṣẹ́ ò ṣeé ṣe, tí ọtí tàbí oògùn bá ti di ohun tẹ́ ẹ fi ń sùn, tí ẹ ò dá ara yín mọ̀ mọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín, ẹ má dúró de oṣù kankan, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kó bá yín lọ. Mo mọ̀ pé òfin àtijọ́ tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i fún ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ra. Ẹ lọ bá dókítà ṣáá, ìtọ́jú ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ní January 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, ti tẹ́lẹ̀ ti wà láti 1958, "wèrè" ló sì wà nínú orúkọ ẹ̀ gan-an.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ó ti tán?

Mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà wọ̀ ọ́, àǹtí mi bá mi lọ sí gáréèjì, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà la jókòó sí, a dé Ìbafò kí n tó lè ya ẹnu. Mo wá sọ fún un nípa obìnrin tó ní sálúbàtà pupa yẹn. Àǹtí mi ò ní kí n máa dúpẹ́. Ó ní, "irú àgbàdo wo ló fún ẹ, sísun àbí sísè?" Mo ní sísè ni. Ó ní kí n máa bá a lọ.